Àáró Tàbí Ọ̀wẹ̀? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Èdè Ìrànlọ́wọ́ Ilẹ̀ Òkèèrè, láti Ìlárá

Ìlú Ìlárá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí, tí ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A. I. Asiwaju, tí í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti sọ ìtàn yìí débi tí ó yẹ kí á sọ ọ́ dé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àkóso àwọn òyìnbó, nítorí náà a kò ní í tún un rò níhìn-ín. Ohun tí ó mú wa fi ẹsẹ̀ bébà yìí múlẹ̀ ní Ìlárá ni pé ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ lè rí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò rí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ tí ó ń na ọwọ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Bí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, síhà Abẹ́òkúta àti Èkó, yóò rí Nàìjíríà kan náà tí ó ń gba ẹ̀yáwó lọ́wọ́ Ṣáínà.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá léèrè, nígbà tí a kọ́kọ́ dá àkòrí yìí, pé kí ni ọ̀rọ̀ Ṣáínà ń wá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá. Èsì wa ni pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. Ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe owó àti ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń gbé e kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ni a sì fi ń gbà á. Àwọn onímọ̀ ètò ìṣèlú ti kọ púpọ̀ lórí bí orílẹ̀-èdè tí agbára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ṣe ń ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n sì ń jiyàn lórí bóyá irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ń ba ìlànà àjọgbà jẹ́ tàbí ó ń tún un ṣe. (Ohun tí à ń pè ní ìlànà àjọgbà ni ìwà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti gbà láàrin ara wọn pé ó tọ́, yálà a kọ ọ́ sínú ìwé òfin tàbí a kò kọ ọ́.) Àléébù méjì ni a rí nínú iṣẹ́ wọn. Èkíní ni pé wọ́n máa ń gba àpèjúwe tí olùrànlọ́wọ́ ṣe nípa ara rẹ̀ gbọ́, wọ́n á sì máa bá a jiyàn lórí àpèjúwe náà dípò kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé wọn kì í ka Nàìjíríà mọ́ olùrànlọ́wọ́ rárá. Ẹni tí ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń rí, wọn kò rí i pé òun náà ti bu oúnjẹ fún aládùúgbò rí, tí ó sì ti gba abọ́ náà padà kí ẹni náà tó jẹun tán.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò. Nínú Yorùbá, orúkọ kan ṣoṣo kọ́ ni iṣẹ́ tí ènìyàn bá ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe ń jẹ́. N. A. Fádípẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ya àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sọ́tọ̀ dáadáa, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì dàgbà ní abúlé ti mọ̀ wọ́n kí ó tó ka Fádípẹ̀. Àáró ni ti àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn bára mu: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, iye ebè tí mo bá sì kọ fún ọ ni ìwọ náà yóò kọ fún mi. Wọ́n ń kà á, kò sì sí ẹni tí ìkàsí náà ń bí nínú. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀, ìbáà ṣe ilé ni ó ń kọ́ tàbí oko ni ó ń ro. Ará, ọ̀rẹ́ àti àna yóò péjọ, onílé yóò pèsè oúnjẹ àti ẹmu, ilẹ̀ á sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ láìka ebè. Ìwọ̀fà ni ẹ̀kẹta, ìyẹn sì le. Ẹni tí ó yá owó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró, iṣẹ́ tí ó ń ṣe sì jẹ́ èlé nìkan. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, kọ́bọ̀ kan kò kúrò lára gbèsè títí wọn yóò fi san owó náà fúnra rẹ̀.

A mọ̀ pé kò tọ́ kí á kàn mú ètò abúlé kí á sì fi wọn orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ní àǹfààní kan tí ọ̀rọ̀ náà 'ìrànlọ́wọ́' kò ní: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ẹni tí ó pe iṣẹ́, ẹni tí ó ń ka iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó parí. 'Ìrànlọ́wọ́' dákẹ́ lórí gbogbo ìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1964, Zhou Enlai, tí í ṣe olórí ìjọba Ṣáínà nígbà náà, dé Àkírà ní ilẹ̀ Gánà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n yìnbọn sí Nkrumah. Ibẹ̀ ni ó ti kéde ìlànà mẹ́jọ tí Ṣáínà yóò máa tẹ̀lé bí ó bá ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́: pé ọgbọọgba ni ẹni méjèèjì, àǹfààní náà sì gbọ́dọ̀ kan tọ̀tún-tòsì; pé kò ní í fi ipá so ohunkóhun mọ́ ọn; pé ẹ̀yáwó yóò jẹ́ aláìlélé tàbí aláìlélé púpọ̀; pé ète rẹ̀ ni kí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè dá dúró; pé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí èso rẹ̀ sì yá ni kí á kọ́kọ́ ṣe; pé ẹ̀rọ tí ó dára jù ni yóò fi ránṣẹ́; pé yóò kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ dójú àmì. Ìkẹjọ ni ó wù wá jù: pé àwọn amòye Ṣáínà yóò máa gbé irú ìgbé-ayé kan náà pẹ̀lú àwọn amòye ilẹ̀ tí wọ́n lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé àwọn òyìnbó ìjọba ṣe máa ń wà lórí òkè, tí ti àwọn akọ̀wé sì wà ní ìsàlẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ gbólóhùn yẹn mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ènìyàn Áfíríkà lẹ́sẹ̀.

Kí á sì ṣe òtítọ́, orílẹ̀-èdè tálákà ni Ṣáínà nígbà náà. Ìyàn ńlá ọdún 1959 sí 1961 kò tíì jìnnà sí i. Ẹni tí kò ní, tí ó ń ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́, lè pè é ní àáró láìpurọ́. Ọ̀nà reluwé tí Ṣáínà fi ẹ̀yáwó aláìlélé kọ́ láàrin 1970 àti 1975 láti Dar es Salaam ní Tànsáníà dé Kapiri Mposhi ní Sáḿbíà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,860 kìlómítà, ni ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fún Sáḿbíà ní ọ̀nà òkun tí kò gba ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun Rodéṣíà àti Gúúsù Áfíríkà kọjá.

Ibi tí lámèyítọ́ ti gbọ́dọ̀ là ojú rẹ̀ ni ti ìyípadà tí ó dé bá iṣẹ́ náà nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yí padà. Láti 1995 ni Ṣáínà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yáwó elélé pọ́ọ́kú kún ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, láti ọwọ́ báńkì tí ó wà fún ríra àti títa pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Nínú ìwé tí ìjọba Ṣáínà tẹ̀ jáde ní 2011 lórí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, a kà á pé títí di òpin 2009, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 256.29 owó yuan: 106.2 jẹ́ ẹ̀bùn, 76.54 jẹ́ ẹ̀yáwó aláìlélé, 73.55 sì jẹ́ ẹ̀yáwó elélé pọ́ọ́kú. Ìpín kẹta yìí, tí kò tíì ju ọdún 15 lọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìpín kejì, tí ó ti wà láti ìgbà Àkírà, dọ́gba. Ìlànà rẹ̀ sì ni pé ó kéré tán, ìdajì ohun tí a ó fi owó náà rà gbọ́dọ̀ wá láti Ṣáínà. Síbẹ̀ ìwé kan náà ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́ láàrin àwọn ọgbọọgba, ó sì ń pe ìlànà mẹ́jọ náà ní ìpìlẹ̀. Olówó ti di olówó tán, ó ṣì wọ dàńṣíkí tí ó fi ń ṣe àáró. Kì í ṣe pé dàńṣíkí náà kì í ṣe tirẹ̀. Oko tí ó wọ̀ ọ́ lọ ni ó ti yàtọ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ìlànà tiwọn pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Párísì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1961. Ní 1972 ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀yáwó kì í jẹ́ ìrànlọ́wọ́ àfi bí ó bá ní ẹ̀bùn nínú tí ó tó ìdá 25 nínú 100. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, wọ́n kéde ní Párísì pé ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ni kí ó ni ètò náà, pé kí olùrànlọ́wọ́ tẹ̀ sí ọ̀nà rẹ̀, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ má ṣe máa fa ara wọn ya, kí á máa wo èso, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì máa jíhìn fún ara wọn. Ṣáínà fọwọ́ sí ìwé náà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbà ni, kì í ṣe bí ẹni tí ń fúnni. Nígbà tí wọ́n tún péjọ ní Busan ní ilẹ̀ Kòríà ní 2011, gbólóhùn kan wọlé pé ní ti àwọn olùrànlọ́wọ́ tuntun, ẹni tí ó bá wù ú ni yóò tẹ̀lé ìlànà náà. Ó yẹ kí á rẹ́rìn-ín díẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé Ṣáínà ba ìlànà jẹ́ gbàgbé pé àwọn tí wọ́n kọ ìlànà náà ni wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún un. Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé Ṣáínà tún ìlànà ṣe fún wa gbàgbé pé àǹfààní tí ó wà ní àìsí nínú ìgbìmọ̀ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò lè ka ebè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn, pé pàkúté gbèsè ni ẹ̀yáwó Ṣáínà, pé ìwọ̀fà ni ó fẹ́ sọ wá dà. A kò gba èyí wọlé. Ìwọ̀fà kò ní agbára láti jókòó kí ó sì bá olówó tún àdéhùn ṣe. Ìjọba ní in. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí a ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí owó báńkì Ṣáínà kan náà wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a fi ọ̀bẹ sí wa lọ́rùn láti gbà. Àwọn ọmọ ilé aṣòfin ní Àbújá pariwo ní 2020 nígbà tí wọ́n rí gbólóhùn kan nínú àdéhùn ẹ̀yáwó mìíràn, èyí tí ó sọ pé Nàìjíríà yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti má ṣe jẹ́ ẹni tí a lè fà lọ sí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nínú ariwo náà kì í ṣe gbólóhùn yẹn, nítorí ó wọ́pọ̀ nínú àdéhùn báyìí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí ìwé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á.

A dé orí Nàìjíríà wàyí, ibi tí ọkàn wa wà gan-an. Nígbà tí owó epo rọ̀bì gòkè lójijì ní 1973 àti 1974, Nàìjíríà di ohun tí Ṣáínà dà lẹ́yìn náà: orílẹ̀-èdè tí agbára rẹ̀ ń gòkè bọ̀, tí ó fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí olóore. Ní 1976 ó fi mílíọ̀nù 80 dọ́là Amẹ́ríkà dá àkànṣe àpò kan sílẹ̀ ní Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fún yíyá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó tálákà jù, ó sì fi mílíọ̀nù 71 kún un ní 1981. Èyí ṣẹlẹ̀ kí báńkì náà tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí kì í ṣe ará Áfíríkà ní 1982. Ní 1987, nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń fi dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ránṣẹ́ sí Áfíríkà, àwọn erékùṣù Kàríbíánì àti ti Pàsífíìkì fún ọdún méjì méjì. Orílẹ̀-èdè tí ó bá béèrè ni wọ́n ń lọ; Nàìjíríà ń san owó ìtọ́jú wọn, ẹni tí ó gbà wọ́n sì ń fún wọn ní ilé. Láìmọ̀, ọ̀wẹ̀ pọ́ńbélé ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ni ó pè. Onílé pèsè ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ọjọ́ tí ó parí hàn kedere. Nínú gbogbo ohun tí Nàìjíríà ti ṣe lábẹ́ orúkọ ìrànlọ́wọ́, èyí ni a rò pé ó mọ́ jù, ó sì yani lẹ́nu pé òun ni ariwo rẹ̀ kéré jù lọ.

Ti Ṣábẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà àti ìjọba Kérékou, tí ó yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, pinnu láti jọ dá ilé-iṣẹ́ ńlá méjì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti sìmẹ́ńtì ní Onigbolo, ní agbègbè Pobè, tí kò jìnnà sí wa. Bẹ̀nẹ̀ ní ìdá 51 nínú 100, Nàìjíríà ní 43, ilé-iṣẹ́ ará Dẹ́ńmáàkì kan sì ní 6. Èkejì jẹ́ ti ṣúgà ní Ṣábẹ. Bẹ̀nẹ̀ ní 49, Nàìjíríà 46, Lonrho tí ó ní olú-iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní 5. Kí ẹni tí ó bá ń ka àwọn iye wọ̀nyí fara balẹ̀. Nínú ti Ṣábẹ, kò sí èyí tí ó dá pé ìdajì nínú àwọn ìjọba méjèèjì. Ìdá 5 ti òyìnbó ni ó lè mú kí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí ibi kan. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ nígbà náà pè é ní àpẹẹrẹ ìṣọ̀kan Áfíríkà.

A kò fẹ́ fi ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀sín. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára ju ọ̀pọ̀ èrò tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ àti ìrèké wà ní Ṣábẹ. Ọjà wà ní Nàìjíríà. Ìlú Yorùbá ni Ṣábẹ, èdè tí a ń sọ ní ọjà rẹ̀ kò sì ní í ṣe àjèjì létí ará Ìlárá. Bí àáró bá wà láàrin orílẹ̀-èdè méjì, ibí yìí ni ì bá ti wà. Ṣùgbọ́n àáró náà dúró lórí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ara ìrànlọ́wọ́: pé ọ̀nà yóò ṣí. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò tíì gbó nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní 1984, kò sì ṣí i títí di 1986. Ẹni tí ó fi owó sí oko ìrèké ni ó tún gbé igi dí ọ̀nà tí ṣúgà yóò gbà wọlé. Nígbà tí a ti ẹnubodè, ìjọba sọ ti owó náírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àti ti fàyàwọ́, àwọn ìdí náà kì í sì í ṣe irọ́. Ohun tí a ń wí ni pé wọn kò bi ẹni tí wọ́n jọ ni ilé-iṣẹ́ léèrè.

Ìparí ìtàn Ṣábẹ ni ó so apá méjèèjì bébà yìí pọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ilé-iṣẹ́ ṣúgà náà fi ń ràpálá, wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan ní 2003 láti máa fi owó yá a lò. Complant ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1959, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni pé kí ó máa kọ́ àwọn ohun tí ìjọba Ṣáínà bá fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè. Ọwọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìlànà mẹ́jọ ti Àkírà ni ó wá di ayálégbé nínú ilé tí Nàìjíríà bá Bẹ̀nẹ̀ kọ́. Kò wá bí olùrànlọ́wọ́, kò sì purọ́ pé òun wá ṣe àáró. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń wá ibi tí olùrànlọ́wọ́ tuntun ti gba ipò olùrànlọ́wọ́ àtijọ́ máa ń wo ibi tí Ṣáínà ti gba ipò Faransé. Wọn kì í wo Ṣábẹ, níbi tí ó ti gba ipò Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè kò tán síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, Èkó ni a ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀. Ní 1979 a gbà ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kí ó sì lo 90 ọjọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn, ogunlọ́gọ̀ ọmọ Gánà sì gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá lọ sílé. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí ni pé ìjọba kò sọ pé òun kọ ìlànà náà sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó ti mú ohun tí ó fi dá ara rẹ̀ láre, pé 90 ọjọ́ àwọn ènìyàn náà ti pé. (Gánà náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ sunkún. Àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ní Kumasi àti Àkírà ní òpin 1969 kò tíì gbàgbé.) Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà àjọni Áfíríkà ní Niamey. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, kí oṣù méjì tó pé, ó ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ibùdó aṣọ́bodè àjọlò tí owó àwọn ará Yúróòpù kọ́ sí Sẹ̀mẹ̀, tí àwọn olórí méjèèjì ṣí ní oṣù kẹwàá 2018, kò tíì pé ọdún kan. Ní oṣù kọkànlá 2019, àṣẹ tún jáde pé kí á má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo kankan tí ó wà láàrin 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Gbogbo Ìlárá wà nínú 20 kìlómítà náà.

Àṣẹ yìí ni ó fi ohun tí à ń wá hàn wá. Lójú ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó wà ní Ìlárá àti ẹni tí ó wà ní òdìkejì kò yàtọ̀: àwọn méjèèjì ni afàyàwọ́ títí a ó fi rí ẹ̀rí mìíràn. Orílẹ̀-èdè tí ó ń ya dókítà fún Kàríbíánì ka ọmọ tirẹ̀ mọ́ àjèjì nítorí kìlómítà. A kò ní í sọ pé fàyàwọ́ kò sí. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìlárá, àwọn ọmọdé yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn nípa olùrànlọ́wọ́ tuntun àti ìlànà àjọgbà ti sọ àwọn orílẹ̀-èdè di ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé Nàìjíríà jẹ́ bàbá kan tí ó jókòó nínú ilé, tí Bẹ̀nẹ̀ sì jẹ́ àbúrò rẹ̀. Níbi tí ilé méjèèjì ti fara kan ara, ìrànlọ́wọ́ àti ìlànà kì í ṣe ohun méjì. Ọ̀nà tí a kò dí jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ju àpò owó tí ó wà ní báńkì lọ.

Ó kù díẹ̀ nípa ìhà kejì, kí wọ́n má baà sọ pé Nàìjíríà nìkan ni a dá lẹ́jọ́. Ní ìpàdé Beijing ti oṣù kọkànlá 2006, Ṣáínà ṣèlérí agbègbè òwò mẹ́ta sí márùn-ún fún Áfíríkà, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sí Ìgbẹ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìhà tiwa náà. Ìjà dé lórí ẹni tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn já àdéhùn tí ó wà láàrin òun àti àwọn ará Zhongshan, ó sì fi àwọn ará Ṣáínà mìíràn síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kò lọ bá ìjọba Ṣáínà láti bá òun jà. Ó lo àdéhùn ààbò fún oníṣòwò tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ṣe ní 2001, ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a láre ní oṣù kẹta 2021 pé kí Nàìjíríà san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, yàtọ̀ sí èlé. Ní oṣù kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ Faransé pàṣẹ kí á mú ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ààrẹ Nàìjíríà. Òwò ni èyí, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí tí a ṣe ní Beijing lábẹ́ orúkọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó bí i. Níbo ni ìlànà 'má tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé onílé' wà nígbà náà? Ó wà níbi tí ó ti máa ń wà, lẹ́nu ìjọba. Oníṣòwò ti mú ìlànà mìíràn, ti Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì, ó sì mọ̀ ọ́n lò ju àwa tí a ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti 1889 lọ. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé Ṣáínà yóò wó ilé òfin àwọn òyìnbó lè fọkàn balẹ̀. Inú ilé náà ni ó jókòó sí.

Nítorí náà a kò gba ìbéèrè tí a bá nílẹ̀, pé ṣé ó ń ba ìlànà jẹ́ ni tàbí ó ń tún un ṣe. Ṣáínà ní Ìgbẹ̀sà àti Nàìjíríà ní Ṣábẹ ṣe ohun kan náà: wọ́n di ìlànà mú níbi tí ó ti dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí ó bọ́ níbi tí ó ti dí wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni èyí tí alááró máa ń bi ara wọn: ta ni ó ka ebè, ta ni ó sì lè sọ pé iye rẹ̀ kò pé? Nínú gbogbo ìwé tí a yẹ̀ wò, láti Àkírà títí dé Párísì, ti ọdún 2005 nìkan ni ó fún ẹni tí a ràn lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìjíhìn. Kò sì sí ibi tí ó ti lè gbé ẹjọ́ náà lọ bí oníṣòwò ti lè gbé tirẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ̀nẹ̀ kò ní ibi tí yóò lọ ní 1984.

Iṣẹ́ tí ó kàn lẹ́yìn èyí ni àwọn ìwé àdéhùn tí ó dá Onigbolo àti Ṣábẹ sílẹ̀, ti èdè Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú èyíkéyìí nínú wọn pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì, àti bí ó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni àwọn ará Faransé lò fún ohun tí a pè ní ìrànlọ́wọ́.